Okùn Méjìlá Tí Mi Ò Dán Wò

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Amukókò pé irú iṣẹ́ wo ni èmi Bàbá Gàní ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní mo ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì epo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá máa wo páànù ilé mi tó ti dípatà, wọ́n á máa rò ó nínú ara wọn pé níbo ni bàbá yìí kó ọrọ̀ epo ọ̀hún sí. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Èmi ò fa epo rí, ojú mi ò sì kan kànga epo ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé mi. Àwọn tó ń wá ibi tí epo lè wà lábẹ́ ilẹ̀ ni mo bá ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Bó bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Bí kò bá wù yín, ẹ wá òmíràn lọ.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe sí dírọ́ọ̀mù omi. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí omi dé láìṣí ìdérí rẹ̀, a máa ń fi ìka kàn án lára láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ìró bá ti yí padà, omi ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ wa náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó gbẹ́ ihò, a ó ri ohun abúgbàù sínú rẹ̀, a ó yìn ín. Ìró náà á wọ ilẹ̀ lọ. Bó bá kan àpáta kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà sókè, ìyókù á tún máa lọ títí á fi kan àpáta mìíràn. Lójú ilẹ̀ lókè, a ti to àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan tó ń gbọ́ ìró tó ń padà bọ̀. Jíófóònù ni orúkọ wọn, wọn ò tóbi ju agolo mílíìkì kékeré lọ, wọ́n sì ní irin ṣóńṣó lábẹ́ tí a fi ń gún wọn mọ́lẹ̀. Etí ni àwa ń pè wọ́n. Etí mẹ́fà la ń so mọ́ wáyà kan, ìyẹn la wá ń pè ní okùn. Ẹ̀rọ ńlá tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi á gba gbogbo ohun tí àwọn etí náà bá gbọ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé á sì fi ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé epo ń dà yàà nísàlẹ̀ bí ọ̀sà, ẹ má dá a lóhùn. Inú àpáta ni epo ń sá pamọ́ sí, bó ṣe ń sá pamọ́ sínú àkàrà.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn láti sọ. Bàbá mi, Mùsùlùmí ará Ìsẹ́yìn, ń wa tírélà ní Malu Road. Ìyá mi, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́, ń ta búrẹ́dì ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá mi mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan, ni wọ́n bá gbà mí sí wọ́ọ̀kùṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún okùn ṣe, ẹ̀yìn ibi tí àwọn tírélà ń sùn sí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Owó oṣù wọn ò pọ̀, kò sì burú.

Ọ̀gá wọ́ọ̀kùṣọ́ọ̀bù náà ni Bàbá Ṣíttù, ará Ìwó. Wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú wọn le débi pé kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin gbígbóná tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì so wáyà pọ̀. Ẹrẹ̀ ni mo ń fọ̀. Láti inú àbàtà ni àwọn okùn náà ti ń bọ̀, wọ́n máa ń rùn bí ẹja tó ti kú lọ́jọ́ mẹ́rin, akàn á sì ti gé òmíràn jẹ. Èmi á fọ̀ ọ́, Bàbá Ṣíttù á gbé e sójú, wọ́n á ní, "Tún un fọ̀." Èmi á tún un fọ̀.

Nígbà tí wọ́n jàjà gbé irin lé mi lọ́wọ́, ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Gàníyù, kí lo ṣe síbí yìí?"

"Mo jó wáyà méjèèjì pọ̀ ni, sà."

"O jó o pọ̀ ni àbí o tutọ́ sí i?"

Wọ́n á fi ìka méjì já a, wọ́n á sì jù ú padà sórí tábìlì mi. Ó débi tí ìyá mi wá bẹ̀ wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, sà, ọmọ mi ò sùn dáadáa mọ́. Wáyà ló ń pè lójú oorun." Bàbá Ṣíttù ní, "Ẹ jẹ́ kó máa pè é, ìyá wa. Ó ti ń wọ̀ ọ́ lórí nìyẹn." Ìyá mi bínú padà sílé.

Ohun tó ká wọn lára jù ni ìdánwò. Àpótí kan wà tó ní abẹ́rẹ́ lójú bíi ti aago. A ó so okùn mọ́ ọn, a ó fi ìka ta etí kọ̀ọ̀kan lórí, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún sí òsì. Bó bá sún sí ọ̀tún, a jẹ́ pé wáyà ti dorí kodò: ibi tí ilẹ̀ bá ti gbéra sókè, etí náà á sọ pé ó lọ sílẹ̀ ni. Bí mẹ́ta bá dojú kọ òsì nínú okùn kan, tí mẹ́ta dojú kọ ọ̀tún, wọ́n á pa ohùn ara wọn. Ó dà bí kí èèyàn méjì máa ti ilẹ̀kùn kan láti inú àti láti ìta, ilẹ̀kùn ò ní mira. Okùn tó bá yege ìdánwò ni a ń kùn lọ́dà pupa lórí. Bàbá Ṣíttù a máa sọ pé, "Iṣẹ́ tí o ò bá dán wò, o ò tíì ṣe é." Bí ẹ bá gbọ́ ọ nígbà igba lọ́sẹ̀, á sú ẹ̀yin náà.

Nígbà tí mo lo ọdún kan, wọ́n ní kí n lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú àbàtà kí n lè mọ ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Èbúté Marine Beach la ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Tímì, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀, ni olórí àwọn tó ń ri etí mọ́lẹ̀. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ọmọ mẹ́rin ló bí, ẹrẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń rìn lórí gbòǹgbò igi inú omi, bí a ṣe ń fi ọ̀pá ti etí wọ ẹrẹ̀ títí á fi kan ibi tó le. Bí wọ́n bá fẹ́ yin ohun abúgbàù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira. Ẹ̀fọn bà mí lọ́rùn, mo gbọ́wọ́ sókè láti lù ú.

"My broda, no try am o!" Tímì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Machine go hear you. Dem go think say na oil."

Ẹ̀fọn náà mu mí yó. Tímì ṣe mí jẹ́jẹ́ bí àbúrò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, ẹja tó bá yan, èmi ló kọ́kọ́ ń bù fún.

Ó wá ku ibi tó burú. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Ọgbọ̀n okùn ló gbọ́dọ̀ lọ bá Tímì lọ́jọ́ náà. Mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì ti dán méjìdínlógún wò. Ìwé kan wà tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pé gbogbo okùn tó ń jáde ló ti yege. Àṣà Bàbá Ṣíttù ni kí wọ́n ka ọ̀dà pupa ní ẹyọ ẹyọ kí wọ́n tó mú bírò. Ṣùgbọ́n àkókò ìrun Jímọ̀ ti ń lọ. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo okùn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n ní, "Dán èyí tó kù wò kí wọ́n tó gbé e." Wọ́n mú fìlà, wọ́n lọ.

Wọn ò tíì dé mọ́ṣáláṣí tí dírẹ́bà dé. Ó ní omi ti ń fà ní Marine Beach, bí ọkọ̀ ò bá ṣí báyìí, ó di ọ̀la. Ó ń fọn fèrè, ó ń ṣépè. Mo wo okùn méjìlá tó kù. Wáyà tuntun ni mo fi tún ìdajì etí tó wà lára wọn ṣe, kọ́ńpìnnì mìíràn ló ṣe wáyà náà. Mo rò ó pé wáyà ni wáyà, dúdú ni dúdú, funfun ni funfun. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo kùn wọ́n lọ́dà pupa ní méjèèjìlá. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn tó ṣe wáyà tuntun náà ti gbé dúdú sí ipò funfun. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ nígbà yẹn lè sọ bí wáyà bá já, kò lè sọ bó bá dorí kodò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi yin ohun abúgbàù káàkiri àbàtà náà. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, àwọn ibì kan dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní àwọn ò gbà á. Ihò tí a bá sì ti yìn, a ò lè tún un yìn, àfi ká gbẹ́ òmíràn.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni ìròyìn kàn wá ní Malu Road. Máníjà ti ní àwọn tó ń ri etí ló jẹ̀bi, pé ọtí ni wọ́n ń mu nínú àbàtà, pé wọn ò rì í dáadáa. Tímì àti àwọn èèyàn rẹ̀, ọkùnrin méjìlélógún, wọ́n ti dá wọn dúró, Tọ́sìdeè ni wọ́n máa wá gba ìwé ìlélọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n kó àwọn okùn náà padà dé. Bàbá Ṣíttù ò sí nítòsí, mo so ọ̀kan mọ́ àpótí, mo ta etí kìíní. Òsì. Mo ta èkejì. Ọ̀tún.

Kàì! Mo tú okùn náà kíá, mo jù ú sáàárín àwọn yòókù.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́ńdè kọjá, Túsìdeè kọjá. Mo ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú Ràlíà, ìyá àwọn ọmọ mi, nígbà yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé Tímì á ríṣẹ́ mìíràn, pé ọmọ odò ni, odò ò lè ṣe aláìjẹ́ kó jẹun. Ìsọkúsọ ni. Ọmọ mẹ́rin ló ní, orúkọ tí wọ́n sì fún un, orúkọ ọ̀mùtí, kò sí kọ́ńpìnnì tó máa gba ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ.

Àárọ̀ Wẹ́síìdeè, mo lọ bá Bàbá Ṣíttù nídìí tábìlì wọn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la ó fi sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Okùn méjìlá, mi ò dán wọn wò. Mo kàn kùn wọ́n ni."

Wọn ò gbé ojú sókè. "Mo mọ̀," ni wọ́n sọ. "Mo dán wọn wò lánàá. Mò ń wò ó bóyá èèyàn ni mo kọ́ níṣẹ́ àbí ewúrẹ́."

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Dìde. Tímì kọ́ la ó lé."

A jọ lọ bá máníjà. Mo rò pé èmi ni wọ́n máa lé, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Máníjà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mú ìwé jáde látinú dúrọ́ọ̀, ó ní, "Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni," Bàbá Ṣíttù dáhùn.

"Ẹ dákun, sà, èmi ni mo kùn ún, wọ́n lọ kírun..."

"Gàníyù, pa ẹnu ẹ mọ́." Wọ́n kọjú sí máníjà. "Ọwọ́ mi nìyẹn. Mi ò kà á kí n tó fọwọ́ sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń fọwọ́ sí i, ìgbà kan ṣoṣo tí mi ò kà á nìyẹn."

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé ni máníjà lé. Wọ́n dá Tímì àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ṣíttù kó irin wọn sínú báàgì ráfíà, wọ́n gbé e kọ́ èjìká. Mo ní èmi náà ń bá wọn lọ, mi ò lè dúró níbẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"O ya wèrè ni?" Inú bí wọn gan-an. "Bí àwa méjèèjì bá jáde, ta ló máa dán okùn wò fún àwọn tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn? Padà sídìí tábìlì ẹ."

Báyìí ni mo ṣe jogún iṣẹ́ ọ̀gá mi. Nígbà tí Tímì gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, ó wá bá mi. "Na since Monday you know?" ló bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "You for talk am Monday," ó ní, ó sì yíjú. A jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ sí i, kò bu ẹja fún mi mọ́.

Láti ìgbà náà, okùn kan ò jáde lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn dírẹ́bà á fọn fèrè títí, èmi á máa ta etí. Irinṣẹ́ wá ń yí padà lójú wa. Àpótí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà dé. Ní ojú òkun, wọ́n pa ohun abúgbàù tì, atẹ́gùn ni wọ́n ń fi agbára tú jáde lábẹ́ omi. Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, etí tí kò ní wáyà rárá dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá dúró, ó ń gba ohun tó bá gbọ́ sínú ara rẹ̀, sátẹ́láìtì sì ń sọ ibi tó wà fún un. Ọmọbìnrin ẹnjiníà kan fi hàn mí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mú èyí tó bá dorí kodò láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ó rò pé inú mi máa dùn. Inú mi dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo jáde síta, mo lọ dúró lẹ́bàá géètì fúngbà díẹ̀. Ká ní irú ẹ̀ ti wà nígbà yẹn, Bàbá Ṣíttù ì bá fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì.

Lẹ́yìn tí máníjà lé Bàbá Ṣíttù, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Amukókò, wọ́n ń tún lasupíkà tó ń gbé ohùn jáde ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Lasupíkà wà ńlẹ̀, ọwọ́ ni ò sí." Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Sátidé tí mi ò bá sí nínú àbàtà, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ń wà. A kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá tún ṣe, tí mo sì dán wò fúnra mi, Bàbá Ṣíttù á tún fa bátìrì kékeré wọn jáde, wọ́n á fi kan ìdí lasupíkà náà láti wò ó bóyá awọ ojú rẹ̀ fò síta tàbí ó wọlé, nítorí lasupíkà méjì tí ọ̀kan bá dorí kodò, ohùn ara wọn ni wọ́n ń pa bíi ti etí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún Ràlíà pé kò bí mi nínú. Irọ́ ni mò ń pa, ó dùn mí dé egungun. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo ṣu, mi ò sì gbàgbé rí.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Bàbá Ṣíttù ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọ́n kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá gba lasupíkà méjì tó jẹ́ ti ìjọ wọn. Ó ní ọkọ̀ ń dúró dè é, ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó wáyà ìkẹyìn tán, mi ò tíì dán an wò. Mo wo Bàbá Ṣíttù kí wọ́n lè fa bátìrì wọn jáde. Wọn ò mira.

"Ẹ máa gbé e lọ, ìyá wa," wọ́n sọ fún obìnrin náà. "Gàníyù ló ṣe é."

Ẹ gbà mí! Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú nìyẹn. Ìyá náà ti gbé ọ̀kan, ó ti ń jáde.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná," ni mo bá sọ.

"Họ́wù! Ṣé kò dára ni? Bàbá ní kí n máa gbé e lọ."

"Ó lè dára, mà. Mi ò tíì dán an wò ni."

Mo na ọwọ́ sínú àpò Bàbá Ṣíttù, mo mú bátìrì náà. Mo fi kan ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ fò síta. Mo fi kan èkejì, òun náà fò síta. Ìyá náà ń pòṣé. Bàbá Ṣíttù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí.

"Gàníyù," wọ́n ní, "bó bá jẹ́ òní ni, mo lè fọwọ́ sí ìwé yẹn láìka ọ̀dà kí n tó lọ kírun."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì, mo sì ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ìyá ìjọ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbàgbé pé ọkọ̀ ń dúró de òun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ rà mí lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."